Ibùsùn Tí A Tò Dáadáa

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo ni bàbá mi to ibùsùn ọmọ tuntun, tí wọ́n sì tún tú u. Àná ni mo rántí rẹ̀, nígbà tí mo ń to tábìlì nínú yàrá mi ní Yábàá, tí òórùn pákó àti gọ́ọ̀mù jáde nínú páálí rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà. Yàrá kan là ń gbé ní Múṣin, màmá mi sì ti lọ bímọ ní ọsibítù. Èmi ni mo ń di àwọn sùkúrù mú. Wọ́n tutù, wọ́n sì ń rùn bí irin.

Àǹtí tó ń gbé yàrá kejì yọjú. "Bàbá Ṣadé, ẹ ò jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ igbe ọmọ ná!"

"Ẹ máa gbọ́ ọ títí ẹ máa fi kó kúrò nílé yìí!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni fóònù bàbá mi dún. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹ ṣé, sà." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ibùsùn náà.

Mo gbé ìwé aláwòrán tó ń júwe bí a ṣe ń tò ó lọ bá wọn. "Dádì, ṣé a ṣì í tò ni?"

"Rárá. A tò ó dáadáa."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọmọ náà ò ké rárá.

Bàbá mi kó ibùsùn náà padà sínú páálí rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí yàrá àǹtí, wọ́n sì padà wá jókòó tì mí.

"Lọ́la ni màmá ẹ máa dé," ni wọ́n wí. "'Ẹ káàbọ̀' nìkan ni kó o sọ. Má béèrè nǹkan kan."