Bí Wọ́n Ṣe Sin Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Eré

Òṣèré tí gbogbo Jámánì mọ̀ wà nínú ìdílé wa, ṣùgbọ́n ní Peckham tí à ń gbé, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Bó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Hamburg, àwọn àgbàlagbà á dìde wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á fi orúkọ tó ń jẹ́ nínú eré kí i. Ṣùgbọ́n bó bá wá sọ́dọ̀ wa ní London, tó tẹ̀ lé mi lọ ra ẹja ní Rye Lane, ẹni tó ń ta ẹja á ní kó yéé tẹ ẹja òun bí kò bá ní í rà á. Ó máa ń dùn mọ́ ọn. Ó ní ìgbà yẹn lòun ń sinmi.

Nínú àkọsílẹ̀ yìí, "ó" ni mò ń pè é, nítorí òun ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Lójúkojú, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un, torí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jù mí lọ, màmá wa ò sì ní í gba ohun mìíràn.

Bàbá wa ló mú un lọ. Ẹlẹ́rọ ni bàbá, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Hamburg ló gbà wọ́n síṣẹ́. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà. Àdéhùn ni pé bàbá á mú ẹ̀gbọ́n mi ṣáájú kó lè bẹ̀rẹ̀ iléèwé, màmá á sì gbé mi tẹ̀ lé wọn bí mo bá ti ń rìn dáadáa. Kí n tó rìn, bàbá ti fẹ́ òyìnbó. Nígbà tí màmá wa padà rí ọ̀nà kúrò l'Ékòó, ọ̀dọ̀ àbúrò wọn ní Peckham la gbà lọ, ibẹ̀ la sì wà dòní. Ìyàwó bàbá ló tọ́ ẹ̀gbọ́n mi dàgbà. Ó tọ́ ọ dáadáa o. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa rí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Hamburg létí màmá wa, wọ́n á mí kanlẹ̀.

Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ dúró síbi tó wà lọ́jọ́ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Lédè Jámánì, ó lè jẹ́ adájọ́, ó lè jẹ́ ayaba, ó lè fi gbólóhùn kan pa ọkùnrin lẹ́nu mọ́. Lédè tiwa, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Bí inú bá bí i, ohun tó máa ń sọ ni, "Ẹ fi mí sílẹ̀, mi ò ṣe mọ́."

Inú tíátà kékeré kan ló ti bẹ̀rẹ̀, kí fíìmù tó máa pè é. Ohun tí wọ́n ń fún un ṣe kò ní oríṣi púpọ̀: obìnrin tí ọlọ́pàá ń lé, obìnrin tó ń nulẹ̀ ọ́fíìsì, obìnrin tí wọ́n bá òkú rẹ̀ létí odò. Ó ń ṣe wọ́n. Ìgbà tó ti lé lógójì ọdún ni wọ́n pè é sínú eré orí tẹlifíṣàn kan tó máa ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pé kó wá ṣe alásè nílé àlejò kan létí adágún omi. Oúnjẹ ló yẹ kó gbé wọlé, kó sì jáde. Àwọn tó ń wo eré náà fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, òun ló wá ni ilé àlejò náà. Ibẹ̀ ni irun rẹ̀ ti funfun. Ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló ti di opó, bẹ́ẹ̀ lójú ayé, kò lọ́kọ rí.

Màmá wa ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà mi. Wọn ò gbọ́ èdè Jámánì, èmi náà ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ gbogbo ẹni tó wà nínú eré náà, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n ń sọ nípa oníkálukú. "Ọkùnrin onífìlà yẹn ò dáa," wọ́n á wí. "Wo bó ṣe ń wo àga ọmọ mi."

Lọ́dún tí àwọn tuntun gba àkóso eré náà, ẹ̀gbọ́n mi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. À ń jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan ló gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, wọ́n máa pa mí," ó ní.

Ojú màmá yí padà. "Ta ló fẹ́ pa ọ́?"

"Nínú eré ni. Àìsàn máa ṣe mí, màá kú, wọ́n máa sin mí. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀dọ́ gba ilé náà."

"Sin ọ́ báwo?"

"Sínú pósí."

"Ìwọ alára lo máa dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀, àbí wọ́n máa wá ère?"

"Èmi ni. Wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn rí ojú mi."

Màmá wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọn kì í pariwo. Wọ́n ti àwo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo gbé ọ fún wọn láàyè nígbà kan," wọ́n ní, "mo sì fara mọ́ ọn. Wọn ò ní gbé òkú ẹ hàn mí. Ìyá kì í wo pósí ọmọ ẹ̀, ì báà ṣe eré."

"Iṣẹ́ mi ni, Màmá."

"Sọ fún wọn kí obìnrin náà rìnrìn àjò. Ṣé àwọn èèyàn kì í rìnrìn àjò ní Jámánì ni?"

Mo rí i bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń wá ọ̀rọ̀. Ká ní èdè Jámánì ni, ì bá ti rí i. Níkẹyìn, ó ní, "Mo ti kú rí, Màmá. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ kàn ò rí i ni."

Màmá dìde, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun ò tíì tó.

Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n lọ bi àáfà tó ń kọ́ àwọn ìyá ní mọ́ṣáláṣí. Àáfà ní eré ni eré, pé èrò ọkàn ni Ọlọ́run ń wò. Màmá délé, wọ́n jíṣẹ́ náà fún ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe rí, wọ́n wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n àáfà kọ́ ló bí ọ."

Ẹ̀gbọ́n mi pe àwọn tó ń ṣe eré náà lóòótọ́, ó bẹ̀ wọ́n pé kí obìnrin náà kúkú rìnrìn àjò. Wọ́n ní bó bá rìnrìn àjò, àwọn èèyàn á máa retí rẹ̀. Wọ́n ní bó bá kọ̀, àwọn á kàn jẹ́ kí ẹlòmíì sọ ọ́ nínú eré pé ó ti kú. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ ikú mi lẹ́yìn mi," ó sọ fún mi. Bó ṣe gbà nìyẹn. Ó bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ lé òun. Mo gba ìsinmi ní ọ́fíìsì káńsù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Walworth. Màmá ò ní kí n lọ, wọn ò sì ní kí n má lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní abúlé ni wọ́n ti ya ìsìnkú náà. Láàárọ̀, obìnrin tó ń kun ojú fún àwọn òṣèré fi lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ eérú kun ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó sì dà bí ẹni tó yí nínú ààrò. Obìnrin náà mọ̀ pé kò dáa. Ọ̀dọ́ ni, oníwà pẹ̀lẹ́. Ó yíjú sí mi, ó béèrè nǹkan. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi pé kó túmọ̀ rẹ̀. Kò kọ́kọ́ fẹ́ túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ń béèrè pé báwo ni òkú èèyàn dúdú ṣe máa ń rí," ó ní.

Mo jáde lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá. Nígbà tí mo padà wọlé, wọ́n ti nu ojú náà, wọ́n ti wọ aṣọ búlúù fún un, ó ti wà nínú pósí.

Àwọn òṣèré tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹkún tí wọ́n ń sun kì í ṣe ẹkún eré. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ń mí, ṣùgbọ́n mo wo àyà rẹ̀ títí, mi ò rí i kó gbéra. Wọ́n ti ṣèlérí fún un tẹ́lẹ̀ pé àwọn ò ní dé pósí náà mọ́ ọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, olùdarí eré bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ káwọn dé e lẹ́ẹ̀kan péré, kí kámẹ́rà lè rí bí òjìji ṣe ń bo ojú rẹ̀. Ó ní kò burú. Wọ́n dé e. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá wọn ṣàwàdà, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí òtẹ́ẹ̀lì, ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. "Ó dúdú níbẹ̀," ó ní. "Mo fẹ́ pe Màmá."

"Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n."

"Rárá. Wọ́n máa mọ̀."

Màmá ti sọ pé ojú àwọn ò ní rí i. Ní ìrọ̀lẹ́ tó jáde lórí tẹlifíṣàn, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá wọn níwájú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń sọ pósí náà kalẹ̀ sínú sàárè, màmá sọ ohun tí à ń sọ bí a bá gbọ́ ikú, pé ti Ọlọ́run ni wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó sì padà sí. Omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ wọn. Wọ́n ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù rẹ̀ ò wọlé. Bóyá gbogbo Jámánì ló ń pè é. A pè títí ó fi gbé e.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?" màmá béèrè.

"Èmi ni, Màmá."

"Máa sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohun tó bá wù ọ́. Kí lo jẹ lónìí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó jẹ fún wọn: búrẹ́dì, wàràkàṣì, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Bó bá ti fẹ́ dákẹ́ ni màmá á tún bi í ní ìbéèrè mìíràn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ẹnikẹ́ni nínú wa ò rò. Àwọn èèyàn gbé òdòdó lọ sí etí adágún náà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn bí wọ́n ṣe ń kọ nípa olóògbé. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ dá. Àwọn tó ń yan òṣèré sọ fún aṣojú tó ń bá a wá iṣẹ́ pé gbogbo ìlú ti sin ín, àwọn ò lè mú un jáde bí ẹlòmíì báyìí. Nígbà tó yá, ó ti ilé rẹ̀ pa, ó wá bá wa ní Peckham, yàrá mi ló ń sùn.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé pẹ̀lú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ. Ó máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kennington, kò ní í sọ̀kalẹ̀, á tún bá bọ́ọ̀sì náà padà. Ó ní òun ń wo ojú àwọn èèyàn. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo bá a lọ, obìnrin kan tó jókòó níwájú wa bojú wẹ̀yìn, ó rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ń fi èdè Jámánì sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú. Ẹ̀gbọ́n mi fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Nígbà tí obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, mo béèrè ohun tó sọ.

"Ó ní òun sunkún fún mi ju bí òun ṣe sunkún fún ìyá òun lọ."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní ó ṣeun." Ó kọjú sí fèrèsé. "Kí ni mo tún máa sọ? Mi ò kú."

Ó pẹ́ kí aṣojú rẹ̀ tó pè. Fíìmù àwọn ọ̀dọ́ kan ni. Ìyá àgbà ni wọ́n fẹ́ kó ṣe, tó ń jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná ìdílé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Jámánì. Kò ní gbólóhùn kan ṣoṣo láti sọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbà kí aṣojú náà tó sọ̀rọ̀ tán.

Inú bí mi. "Ẹ̀yin táwọn èèyàn kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, ẹ fẹ́ lọ jókòó bí àga?"

"Màá jókòó dáadáa."

"Ẹ ti kúrò nírú ẹni tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí."

"Ìwọ, bí o bá kúrò ní káńsù, o ṣì jẹ́ ìwọ," ó ní. "Èmi ò mọ̀ fún èmi."

A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ dáadáa títí tó fi dira. Ohun kan ṣoṣo tí màmá béèrè ni bóyá ìyá àgbà náà máa kú. Ó ní kò sí nínú ìwé eré náà. Wọ́n ní kó mú súẹ́tà tó nípọn dání.

Ó ti wà níbẹ̀ báyìí. Lánàá, ó pè, ó ní olùdarí fẹ́ kí ìyá àgbà náà máa fi abẹ́rẹ́ hun nǹkan, òun ò sì mọ̀ ọ́n hun. Màmá mọ̀ ọ́n, wọ́n kọ́ wọn níléèwé l'Ékòó. Wọ́n gbé fóònù ti ara agolo tíì lórí tábìlì, wọ́n mú abẹ́rẹ́ méjèèjì àti òwú, wọ́n ń fi hàn án.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbà á lábẹ́ ẹ̀. Wo ọwọ́ mi."

"Mi ò lè ṣe é, Màmá."

"O lè ṣe é. Tú u, ká tún bẹ̀rẹ̀."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ wọn, mi ò sì tíì gbà pé ó yẹ kó lọ.