Aṣọ Rọ́bà fún Omi Tútù

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ilé wa ní Muṣin ń rùn bíi táyà tuntun. Aṣọ rọ́bà kan ló fà á. Ó dúdú, ó nípọn, ó bo èèyàn láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, ìyá mi sì gbé e kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ láàárín bùbá àwọn oníbàárà. Àwọn tó wá gba aṣọ máa ń dúró wò ó. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ti panápaná ni. Ìyá mi dáhùn pé ti ọmọ òun ni, pé ọmọ òun ń lọ sí ìlú òtútù láti lọ máa gun omi. Ohùn rẹ̀ kò sì fi hàn bóyá ó ń yangàn ni tàbí ó ń ráhùn.

Létí ọ̀sà ni mo ti kọ́ omi gígùn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní Yábàá nígbà náà, àmọ́ tó bá ti di Sátidé, mo máa ń lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ní pátákó pẹlẹbẹ tí ìgbòkun dúró lórí rẹ̀. Èèyàn á dúró lórí pátákó náà, á di ọ̀pá ìgbòkun mú, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé e lọ lórí omi. Ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì ni aṣọ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ fún un. Ọdún kan péré ni mo fi kọ́ ọ, mo sì ti gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi. Nígbà tí ibi iṣẹ́ wa ní kí n lọ sí ẹ̀ka wọn ní ìlú kan létí òkun nílẹ̀ òkèèrè, tí mo sì máa débẹ̀ láàárín ìgbà òtútù, kì í ṣe ilé tí mo máa gbé ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ohun tí mo máa fi gun omi ni mo ń wá.

Mo ka gbogbo ohun tí mo rí kà lórí fóònù. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń le nígbà òtútù, pé ìgbòkun kékeré ló yẹ kí n lò dípò ńlá tí a ń lò l'Ékòó, pé mo nílò ìbọ̀wọ́, bàtà rọ́bà àti fìlà tó bo etí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bí akọ̀wé kóòtù. Ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ aṣọ nìkan ni mi ò kà dópin. Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ aránṣọ nípa aṣọ?

Ìyá mi ò fẹ́ kí n dé orí omi kankan níbẹ̀. Ọ̀sà tiwa tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pàápàá ń bà á lẹ́rù. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó wá sọ pé bí òun bá fojú ara òun rí i pé aṣọ náà ò jẹ́ kí òtútù ṣe mí léṣe, òun á gbà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí n fi omi sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n bí sínú òtútù. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Bí a ṣe jọ lọ sí Yábàá nìyẹn, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ eré ìdárayá tó jẹ́ òkìríkà. Kò tó mi lọ́jọ́ orí rárá. Ó fa aṣọ rọ́bà mẹ́ta yọ nínú bélì. Mo ki ara bọ ọ̀kan, ó fún mi débi pé mo ń mí gúlegúle.

"Mọ́mì, bó ṣe yẹ kó há nìyẹn o," ó ní. "Tó bá tóbi, omi máa wọlé."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ta ló ra bàtà rí ní Yábàá tí wọn ò sọ fún un pé há tó há yẹn ló dáa, pé ó ṣì máa fẹ̀? Bí ọlọ́jà ò bá ní èyí tó tóbi, ohun tó máa sọ nìyẹn. A mú èyí tó tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì kọrí sílé.

Nígbà tí a délé, ìyá mi ní kò tíì tóbi tó. Ó fẹ́ kí súwẹ́tà méjì gba abẹ́ rẹ̀. Ó fi abẹ tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ra rọ́bà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìjókòó mọ́tò, ó sì rán an mọ́ ọn kó lè fẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kán lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ lé súwẹ́tà méjèèjì, òógùn bò mí, ó ń ro dé ẹsẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Bí mo bá lè làágùn báyìí, kí ni òtútù fẹ́ fi mí ṣe?

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan la dán an wò. Obìnrin tó ń ta ẹja inú yìnyín lójúlé kejì fún wa ní yìnyín, a dà á sínú dúrọ́ọ̀mù ńlá tí a fi ń gbe omi òjò lẹ́yìnkùlé, a sì pọn omi kún un. Mo gun àga, mo juwọ́ sí ìyá mi bí ẹni tó fẹ́ wọ bàálù, mo sì bọ́ sínú rẹ̀.

Mi ò mọ ohun tó kọlù mí. Omi náà gba ọrùn wọlé, ó gba gbogbo ojú abẹ́rẹ́ wọlé, àyà mi sì dì pa. Mo fẹ́ kígbe, èémí ń wọlé, kò jáde. Mo fẹ́ di ẹnu dúrọ́ọ̀mù mú kí n fò jáde, àmọ́ àwọn súwẹ́tà ti mu omi yó, aṣọ náà ti wú, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, ìka mi ò sì ká mọ́. Ìyá mi ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń ṣeré ni. Ìgbà tó rí ojú mi dáadáa ló sáré wá, ó fi gbogbo ara ti dúrọ́ọ̀mù náà ṣubú, èmi àti omi àti yìnyín sì dà sílẹ̀.

Wọ́n fi ìró mẹ́ta bò mí nínú oòrùn ọ̀sán, síbẹ̀ eyín mi ń gbá ara wọn. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, bí omi ṣe ń jò jáde níbẹ̀.

"Ká ní orí òkun lo wà ńkọ́?"

Mo fa ìró bo ojú mi. Èmi tí mo ti ka ohun gbogbo.

"Ọmọ ọlọ́jà yẹn sọ fún wa," ó ní. "Ó sọ ọ́, mo fi rẹ́rìn-ín."

Mo gbà pé ọ̀rọ̀ omi ti parí nìyẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí Yábàá. Mo rò pé ó fẹ́ lọ bá ọkùnrin náà jà ni, mo tilẹ̀ ń gbèrò bí mo ṣe máa là wọ́n. Nígbà tí a débẹ̀, ọkùnrin náà ń ká ṣòkòtò. Ìyá mi kí i, ó sì kúnlẹ̀. Eékún méjèèjì ló fi kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú ọmọ tó lè bí, níṣojú gbogbo ọjà. Ọmọ náà ju ṣòkòtò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Kí ni mo ṣe?"

Ìyá mi ní kò ṣe nǹkan kan. Ó ní òótọ́ ló sọ fún òun, òun kà á sí irọ́ ọlọ́jà, ó sì kù díẹ̀ kí òun fi ọwọ́ ara òun pa ọmọ òun. Ó ní kó bá òun mú èyí tó yẹ ọmọ òun wá, òun ò ní dìde àfi tó bá mú un wá. Ọmọ náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó sì mú èyí tó há tí mo kọ́kọ́ wọ̀ wá. Ìyá mi gbà á lórí ìkúnlẹ̀, ó sanwó rẹ̀, kò ná an.

A tún dúrọ́ọ̀mù kún. Lọ́tẹ̀ yìí, òtútù mú mi lọ́wọ́ àti lọ́rùn, àmọ́ àyà mi ò dì. Mo jókòó sínú omi yìnyín náà títí ìyá mi fi ní ó tó. Àdéhùn la ṣe, ó ní kí n máa lọ.

Ó ti pé ọdún mélòó kan báyìí tí mo ti ń gun omi níbí. Aṣọ náà ti ń ṣá, àwọn tí a jọ ń gun omi sì máa ń bi mí ìdí tí mi ò fi ra tuntun. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìyá mi ló rà á fún mi. Mi ò tíì lè sọ fún ẹnì kankan pé orí ìkúnlẹ̀ ló wà nígbà tó rà á.