Ibi Tí Béèsì Kì Í Dé ní Igbó-Elérin

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Ìlaròó lọ́jọ́ Sátidé náà, àpò irinṣẹ́ mi wà lórí itan. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń gbé ní Òkòkómáìkó ló ránṣẹ́ pè mí. Ìjọ aláṣọ funfun rẹ̀ ní Igbó-Elérin ti ra sípíkà béèsì ńlá méjì, irú èyí tó ń mú ilẹ̀ mì, ṣùgbọ́n ohùn wọn máa ń kú síbi tí ìyá àgbà kan ń jókòó. Àwọn àgbà ìjọ ní ìyá náà ló ń gbé e mì. Bí n kò bá rí ohun mìíràn tó fà á, ìyá kò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ́ láti ọjọ́ kejì. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí mo ti gba fírídọ̀mù iṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti sípíkà, n kò tíì rí ẹni tó ń gbé ohùn mì.

A gba Pápáláńtò àti Ifọ̀ lọ sí Sàngó. Kùrukùru bo ọ̀nà, kòtò sì pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Ní Òṣòdì mo wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Òkòkómáìkó, mo sì jẹ ẹ̀wà àgànyìn níbẹ̀, náírà mẹ́ta ni awo kan nígbà náà. Kì í ṣe ẹ̀wà tiwa tí a ń ro pọ̀ mọ́ epo o. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dín ata rẹ̀ títí yóò fi dúdú. Mo gbádùn rẹ̀.

Ọmọ Ègùn ni ọlọ́kadà tó gbé mi. "A fọ́n gánjí à?" ló fi kí mi, ìyẹn ni pé ṣé mo jí dáadáa. Nígbà tí mo sọ ibi tí mò ń lọ, ó yíjú wò mí.

"Ṣọ́ọ̀ṣì màmá tó ń gbé ohùn mì?"

Kò gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó já mi sílẹ̀ ní orígun àdúgbò, ó sì yí padà kíá.

Mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Alàgbà ìjọ àti Súnkànmí, ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wọn, ń dúró dè mí. Sípíkà kan wà lápá ọ̀tún pẹpẹ, èkejì wà lápá òsì. Mo ní kí Súnkànmí tẹ kọ́kọ́rọ́ kíbọ́ọ̀dù tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá mọ́lẹ̀, kó má sì fi í sílẹ̀. Ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, fèrèsé ń mì jìgìjìgì. Mo kúnlẹ̀ kí etí mi lè wà níbi tí etí ẹni tó jókòó ń wà, mo sì ń rá kiri inú gbọ̀ngàn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń wá béèsì.

Mo dé ẹ̀gbẹ́ àga tí Alàgbà ní ìyá náà máa ń jókòó sí, létí ọ̀nà àárín. Mo rí ọwọ́ Súnkànmí lórí kọ́kọ́rọ́. Mo rí fèrèsé tó ń mì. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo sún sẹ́yìn, ohùn padà dé. Mo sún síwájú, ó tún lọ. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún yín.

"Ẹ ti rí i báyìí," ni Alàgbà wí.

Ṣùgbọ́n Màmá kò sí lórí àga. Ìyẹn ló mú mi dìde lọ wo ẹ̀yìn sípíkà. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹnu wáyà ti apá òsì. Nígbà tí ọ̀kan ń ti afẹ́fẹ́ jáde, èkejì ń fà á wọlé, níbi tí wọ́n bá sì ti pàdé lọ́gbọọgba, wọ́n á pa ara wọn. Mo yí wáyà náà padà níṣojú àwọn méjèèjì. Wọ́n lọ pe Màmá wá jókòó. Súnkànmí tẹ kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀ sì gbọ̀n lábẹ́ àga wọn bí i ti ẹlòmíràn.

"Ẹ dárí jì wá, Màmá," ni Alàgbà wí, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Màmá gbé ọwọ́ lé àyà. Nígbà tí mò ń di àpò mi ni wọ́n wá bá mi lẹ́yìn.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, dá a padà sí bó ṣe wà. Bí wọ́n ṣe kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ ọmọ mi fún mi, bẹ́ẹ̀ ni béèsì yìí ṣe ń kan àyà mi. Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo ti ń rí àdúrà gbà."

Nílé wa, wọn kì í bi àgbà ìdí tó fi jókòó síbi tó jókòó sí. Ká ní wọ́n ti bi Màmá níhìn-ín ni! Àánú wọn ṣe mí gidigidi. Béèsì kò lè ṣe kó má kú síbì kan nínú gbọ̀ngàn, nítorí náà mo ní kí Súnkànmí tún tẹ kọ́kọ́rọ́, mo rá kiri bí ẹni ń dán iṣẹ́ wò, mo sì rí ibi tó ń kú sí báyìí, lẹ́bàá fèrèsé apá àwọn obìnrin. Mo fi han Màmá nìkan. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n di ojú, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ń súfèé dé ìdíkọ̀.

Ọkọ̀ ti kọjá Ifọ̀ kó tó yé mi. Lọ́la Màmá yóò lọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Ẹnì kan yóò jókòó tì wọ́n, yóò sì gbọ́ bí ohùn ṣe kú. Wáyà ti dára báyìí, Alàgbà àti Súnkànmí sì rí i tí mo tún un ṣe, kò ní sí ohun mìíràn tí wọn yóò dá lẹ́bi bí kò ṣe Màmá. Kò sí fóònù tí mo lè fi pe ẹnikẹ́ni.

"Ṣé ẹ rí i ṣe?" ni ìyàwó mi bi mí lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní mo rí i ṣe. Wọ́n ní kí n fẹ́ ìyá náà lójú, àṣé ata wà lẹ́nu mi. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́nà Igbó-Elérin kò ju èyí lọ: kí n tó dé ibẹ̀, àga ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń bá gbé. Nísinsìnyí, lójú ìjọ, Màmá ló ń tẹ̀ lé.