Ọwọ́ Ìjẹun Lápá Àárín Títì

Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa láti yá mọ́tò kékeré kan fún ọjọ́ mẹ́rin ní erékùṣù Kàríbíà kan tí èmi, ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ti lọ lo ìsinmi ju gbogbo owó tí àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin dá jọ láti fi ra odindi ọkọ̀ ìjàpá nígbà tí a wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn. Ìjàpá àlòkù ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ṣílè díẹ̀ la fi ń rọ epo tí yóò gbé wa dé Abẹ́òkúta. Owó tí mo fi ń rọ epo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní South Shore, ní Chicago níbí, bàbá mi ìbá fi ra àgbò Iléyá, kí ṣéńjì sì kù.

Mo ní mo fi ń rọ epo, ṣùgbọ́n láti ìgbà òtútù ni ọmọ mi obìnrin ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi. Mo fi ìdí mọ́tò kọlu ilẹ̀kùn gáréèjì lórí yìnyín, ẹ̀ẹ̀kan péré. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ yìí, ó sì máa ń rí àwọn arúgbó tí mọ́tò ṣe léṣe lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó kó kọ́kọ́rọ́ náà lọ sí ilé wọn ní Tinley Park, ó ní tí a bá ti ìsinmi dé, a máa ta mọ́tò náà. Tí mo bá fẹ́ lọ kírun Jímọ̀, mo di ẹrù tí wọ́n ń wá gbé.

Níbi tí a ti yá mọ́tò ní erékùṣù náà, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ ti ọkọ ọmọ mi, pé èmi náà lè wà á.

“Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ jàre, kí inú Dádì lè dùn,” ọmọ mi rọra sọ fún ọkọ rẹ̀.

Arúgbó ni mí, adití kọ́.

Apá òsì títì ni mọ́tò ń gbà níbẹ̀. Chicago ni wọ́n bí ọkọ ọmọ mi sí, kò wa irú rẹ̀ rí. Ní ráńdábáòtù àkọ́kọ́ tí a dé, ó gba apá ọ̀tún wọlé, bọ́ọ̀sì kan sì yọ sí wa gan-an níwájú. Ọmọ mi figbe ta. Ọkọ rẹ̀ yà sínú koríko, ó tẹ bíréèkì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà yọjú síta, ó mi orí, ó bá tiẹ̀ lọ.

“Mi ò wà á mọ́,” ni ọkọ ọmọ mi wí. “Ẹ jẹ́ ká pe táásì.”

“Bọ́ sílẹ̀,” ni mo wí. “Wá jókòó síbí.”

“Dádì, rárá o!”

“Ṣebí orúkọ mi wà nínú ìwé wọn. Ta ló ní kí wọ́n kọ ọ́?”

Ohun tí ọmọ mi kò mọ̀ ni pé apá òsì ni àwa náà ń gbà ní Nàìjíríà kí ìjọba tó yí gbogbo wa sí ọ̀tún. Bàbá kan tó ti wa lọ́rì fún ọ̀pọ̀ ọdún ló kọ́ àwa mẹ́rin nínú ìjàpá wa. Bàbá náà kì í pe òsì tàbí ọ̀tún. Ó kàn máa ń pariwo ni: “Ọwọ́ tí ẹ fi ń jẹun, òun ni kó wà lápá àárín títì! Ọwọ́ tí ẹ fi ń fọ ìdí, ẹ fi í sílẹ̀ fún gọ́tà!”

Mo ní Bísímílláhì. Mo fẹ́ tan tíráfíkétọ̀, wáípà ló bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì gbígbẹ nínú oòrùn ọ̀sán.

“Dádì, òjò ò rọ̀!”

“Mo mọ̀. Mo fẹ́ ríran dáadáa ni.”

Ọwọ́ ìjẹun lápá àárín títì. Mo yí ráńdábáòtù náà ká, mo jáde níbi tó yẹ, kò sí ẹni tó fọn fèrè mọ́ mi. A gun òkè tí títì rẹ̀ tóóró bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Nígbà tí òkun yọ sí wa nísàlẹ̀, mo wẹ̀yìn nínú dígí. Ọmọ mi ti sùn lọ. Nígbà tí mo gba oyè ní yunifásítì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àtẹ́wọ́ náà kò dùn mọ́ mi tó oorun yẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, mo fẹ́ kọ́ ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ bàbá onílọ́rì. Ó ronú díẹ̀.

“Dádì, ọwọ́ òsì ni mo fi ń jẹun, sà.”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Èmi ni mo wa mọ́tò títí a fi dá a padà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a dé, ọmọ mi wá sí South Shore láti wá gbé mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ mi lé mi lọ́wọ́ ọ̀tún.

“Ẹ máa wà á lọ, sà. Ṣùgbọ́n tí yìnyín bá ti ń já bọ́, ẹ̀ ń dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi ni.”

“Mo gbọ́,” ni mo wí. Ìyẹn kò le.

Nígbà tí mo kírun dé, ó wù mí kí n ròyìn fún àwọn mẹ́ta tí a jọ ra ìjàpá. Ẹni tó ga jù nínú wa, tí orí rẹ̀ máa ń kan òrùlé, ti kú ní Ìbàdàn. Ẹni tó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí kú sí London, lójú oorun. Ẹnì kẹta wà ní Abẹ́òkúta. Kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó dá ohùn mi mọ̀ lórí fóònù.

“Apá òsì? Ìwọ? Gọ́tà mélòó lo kó sí?”

Òun àti èmi ló kù nínú àwa mẹ́rin, èmi nìkan ló sì ń wa mọ́tò.