Ọjọ́ Tí Mo Tún Kéwú Bàbá Ṣe

Òórùn rọ́bà tuntun ni mo fi ń rántí ilé náà. Ilé alágbàlá kan ni, ní Amoutivé nílùú Lomé, ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ti ń ṣí, igi máńgòrò kan sì dúró láàárín rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni Bàbá máa ń to àwọn búùtà rọ́bà tó ń tà lọ́jà sí, pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ojú ọ̀run, ọ̀kan lórí èkejì. Bí oòrùn bá ti pa wọ́n, òórùn wọn á dàpọ̀ mọ́ atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń ti etí òkun wá, á sì tún pàdé òórùn àbúlò, oúnjẹ àgbàdo aládùn kan tí Màmá ń sè lórí iná èédú. Títí di òní, bí mo bá kọjá níwájú ìsọ̀ oníke, àyà mi máa ń já. Mo mọ̀ pé mo máa ń ṣàlàyé jù, ìwọ ọ̀rẹ́ mi náà ti sọ ọ́ fún mi rí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí.

O rántí bí nǹkan ṣe rí fún wa nígbà yẹn. Mo ti gboyè nínú èdè Lárúbáwá, mo ti sin ilẹ̀ baba mi tán, iṣẹ́ kò sì yọjú. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ìgbà náà ni ẹnì kan sọ fún bàbá mi nípa ilé ẹ̀kọ́ kan ní Lomé tí wọ́n ti ń fi Lárúbáwá nìkan kọ́ni, tí akẹ́kọ̀ọ́ á sì tún máa gbọ́ Faransé lójú pópó. Bàbá mi ní ojúlùmọ̀ kan níbẹ̀, ọmọ Ṣakí bíi tiwa, tó ti dé Lomé láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tó sì ti darúgbó síbẹ̀. Òun ni mò ń pè ní Bàbá. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gbà mí sílé fún oṣù mẹ́sàn-án, nítorí àwọn ọmọ wọn ti lọ sí ilé ọkọ àti ìdí iṣẹ́, yàrá sì ṣófo. Láti ọjọ́ kìíní ni Màmá ti ń pè mí ní “Etidíyà”, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́, bí àwọn ará Lomé ṣe ń pè é ní Faransé. “Etidíyà, wá jẹun. Ìwé kì í yóni.”

Bí oòrùn bá ti wọ̀, Bàbá á tẹ́ àwọn ẹní sí abẹ́ máńgòrò, gbogbo ilé á sì tò sẹ́yìn rẹ̀ fún ìrun Màgàríbì: èmi, ayálégbé kan tó jẹ́ télọ̀, ọmọ Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn aládùúgbò mélòó kan, Màmá àti àwọn obìnrin sì wà lẹ́yìn pátápátá. Ohùn Bàbá kò lọ sókè. Ó máa ń kéwú bí ẹni tó ń rìn lórí iyanrìn, ẹsẹ̀ kan, á sinmi, ẹsẹ̀ kejì. Màmá sọ fún mi pé ohùn yẹn lòun fẹ́, pé òun kò tíì rí ojú rẹ̀ nígbà náà. Ilé wọn ló fara ti ilé tí Bàbá ń gbé, ó sì máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri.

“Ìgbà tí mo fi máa rí ojú ẹ̀, ó ti bọ́ sórí, kò sí àtúnṣe mọ́.”

“Ṣé ojú mi burú ni?” Bàbá béèrè láti orí àga rẹ̀.

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ohùn ni mo fẹ́.”

Ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀sẹ̀ kìíní ni ojú ti tì mí. Ùsítáàsì wa, ọkùnrin gíga kan láti Mọritéńíà, ní kí n ka Fátíhà. Mo kà á dé ìparí. Ó ní kí n tún ìparí yẹn kà. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní dáàdì. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ni wọ́n fi ń gbé e jáde, ó sì wúwo lẹ́nu. Ùsítáàsì ní èyí tí mo pè kì í ṣe dáàdì rárá. Ó mú mi dúró níwájú kíláàsì, ó ní kí n tún un pè, kí n tún un pè, títí aago ìsinmi fi lù, àwọn tí wọn kò ì tí ì gboyè kankan sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń dúró níwájú dígí nínú yàrá mi, màá fi ìka ti ahọ́n mi sí ẹ̀gbẹ́ eyín, màá máa pè é títí àgbọ̀n mi á fi dùn mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí. Lọ́jọ́ tí Ùsítáàsì mi orí sí mi pé ó ti dára, bí ẹni tó gba oyè kejì ni mo ṣe rìn wọlé. Mò ń sọ èyí kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ìgbéraga nìkan ló ṣe mí. Ìtìjú ni. Wọ́n di ìtìjú lé mi lórí, mo sì ń wá ẹni tí màá sọ̀ ọ́ lé lórí láìmọ̀.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ni. Àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá láti ọjà wá kí i, ìrun Màgàríbì sì bá wọn nílé. Bàbá ṣíwájú. Ó ka Fátíhà dé ìparí, ó sì pè é bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ lórí wàláà ní Ṣakí: “walalíìnà.” Níbi tí dáàdì wà, lẹ́tà bíi ti “la” ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ dáàdì pè ni mo ti ń gbọ́ ọ, tí mo sì ń pa á mọ́ra. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi là. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti pè é sókè: “Waladdáalíìn!” Ẹni tó wà lẹ́yìn lè rán lèmọ́ọ̀mù létí bí ó bá gbàgbé, mo sì sọ fún ara mi pé ohun tí mò ń ṣe nìyẹn. Bàbá tún un pè, ó tún jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo tún pè é. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta, ahọ́n rẹ̀ kọsẹ̀, ohùn kan tí kì í ṣe lẹ́tà kankan sì jáde. Ẹnì kan wúkọ́. Ó wá ka súrà kúkúrú kan, ohùn rẹ̀ ti kéré, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé onílé.

Bí a ti sálámà tí ìrun parí, télọ̀ yí sí mi, ó fi Faransé kí mi ẹ kú ìrọ̀lẹ́. “Ẹ̀ẹ́hẹ̀n! Lèmọ́ọ̀mù tuntun, bọ̀nsúà! Ẹ jẹ́ kí n tètè lọ rán láwàní, mo ṣì ní aṣọ funfun nílẹ̀.” Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ẹni tó mọ̀ ló mọ̀.” Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó pè mí sí orí àga gbọọrọ tó wà lábẹ́ igi, ó ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń pè é han òun. Mo la ẹnu mi, mo fi ìka tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, mo ń ṣàlàyé bí Ùsítáàsì ṣe ṣàlàyé. Eyín Bàbá kò pé mọ́ lápá òsì. Ó gbìyànjú, ó tún gbìyànjú.

Ó wá wí pé, “Ọmọ mi, ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ṣíwájú wọn nínú àgbàlá yìí. Àwọn kan nínú wọn ti kú. Ṣé ìrun wọn bàjẹ́ ni?”

Mo ti ronú lórí ìbéèrè yẹn ju gbogbo ìbéèrè ìdánwò tí mo dáhùn láyé mi lọ. Lọ́jọ́ náà, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n má lọ dáhùn ohun tí kò pé. Mo ní, “Bàbá, àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Àwọn kan ní ẹni tó bá fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn nínú Fátíhà, àríyànjiyàn wà lórí ìrun àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn mìíràn wá ní…”

Ó gbé ọwọ́ sókè. “Ó ti yé mi,” ló wí. Ó dìde, ó gbọn ẹní rẹ̀, ó ká a, ó sì wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a tò tán, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ télọ̀. Ó ní kí n ṣíwájú.

“Rárá o, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo ní kí o ṣíwájú.”

Mo ṣíwájú. Nígbà tí mo dé ibi dáàdì, ó jáde geere, bó ti yẹ kó jáde. Inú mi kò dùn sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, Bàbá kò ṣíwájú mọ́. Télọ̀ kò dápàárá láwàní mọ́. Ní ìdájí, kí a tó kírun Àsùbáà, mo máa ń gbọ́ Bàbá láti yàrá wọn, ó ń pe lẹ́tà kan ṣoṣo, “la… da… la…,” bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní wàláà.

Màmá ká mi mọ́ ìdí ẹ̀rọ omi láàárọ̀ ọjọ́ kan. “Etidíyà, o kú iṣẹ́ o.”

“Màmá, mo kàn…”

“Omi tí o ń pọn yìí, kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Àlùwàlá ni, Màmá.”

“Àlùwàlá. Ààwẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà yìí ńkọ́, kí lo ń pe oṣù ẹ̀?”

“Ràmàláànì.”

“Ta ló kọ́ ẹ pè é bẹ́ẹ̀? Lárúbáwá ni àbí ìyá ẹ?” Ó gbé korobá rẹ̀, ó sì lọ. Mo rò pé inú ló ń bí i lásán.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbé lọ bá Ùsítáàsì. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú mi, ó dẹ́kun. Ó ní àwọn onígírámà àtijọ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ni dáàdì ti ń jáde, bí “la” náà ti ń jáde, pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ló sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tó gbé ẹ̀sìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí “la” fi wà nínú Ràmàláànì, nínú àlùwàlá, nínú àlùkálì tí à ń pe adájọ́. “Èyí tí mo kọ́ ọ ni à ń pè lónìí,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ta ni èmi tí màá sọ pé ti bàbá àgbà yẹn kò ní ìdí? Àgbà tó ń ṣe bí agbára rẹ̀ ti mọ, ìrun rẹ̀ gún, ti àwọn ẹ̀yìn rẹ̀ náà gún. Ìwọ kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un ni?”

Mo fò sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di ọjà. Bàbá ń fi okùn di búùtà pọ̀ fún oníbàárà kan. Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mi ò tilẹ̀ mí. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, “O ṣeun tí o wádìí. Ọlọ́run á san ẹ́ lẹ́san.”

“Ẹ ó ṣíwájú lónìí, àbí, Bàbá?”

Ó so okùn náà ní kókó. “Tẹ́lẹ̀, mi kì í gbọ́ ara mi. Bí mo bá ti dé ibẹ̀ báyìí, etí mi á ti máa dúró dè mí.” Ó wò mí pẹ̀lú àánú, ìyẹn ló dùn mí jù. “Kì í ṣe pé mo ń bínú sí ẹ.”

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ààwẹ̀ ni ara rẹ̀ kò yá. A rò pé ibà lásán ni, àfi ìgbà tí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro fún un tí a sì gbé e lọ sí ọsibítù. Èmi àti Màmá ni a jọ ń jókòó tì í. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní, “Kéwú díẹ̀ fún mi, ó ti pẹ́.” Bàbá wò mí, ó sì pa ojú dé. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Màmá dìde, ó gbé etí rẹ̀ sí ẹnu ọkọ rẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó nàró, ó ní, “Kò jẹ́ kí ohùn ẹ̀ jáde.” Mo jáde síta, mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ àwọn alùpùpù, n kò sì lè sunkún, torí mo rò pé n kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ni Bàbá kú.

Mo parí oṣù mẹ́sàn-án mi. Màmá kò lé mi jáde, kò bá mi jà, ó ń fún mi ní sààrì àti ìṣínu bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní àárọ̀ tí mò ń lọ, àpò mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wá jókòó sí orí àga gbọọrọ yẹn. Ó ní, “Etidíyà, gbogbo ìrun tí mo kí lẹ́yìn ọkọ mi ńkọ́?”

“Ó ti gbà, Màmá. Gbogbo ẹ̀ ló gbà.”

Ó wò mí. “O ò tiẹ̀ ronú kí o tó dáhùn.”

“Rárá, Màmá.”

“Bó ṣe yẹ kí o dá òun náà lóhùn nìyẹn.”

Àwọn àgbàlagbà ni mò ń kọ́ ní kéwú báyìí, bí o ti mọ̀. Mo ṣì ń kọ́ wọn ní dáàdì, n kò sì rò pé ó yẹ kí n dẹ́kun, nítorí wọ́n wá kọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n Bàbá kò bi mí ní ìbéèrè kéwú lábẹ́ igi yẹn. Ọkùnrin kan tó ti darúgbó ń bi mí bóyá òun ti ṣi àwọn èèyàn òun lọ́nà, àwọn tó fẹ́ràn, tí àwọn kan nínú wọn ti wà nínú ilẹ̀, mo sì lọ ń wá ohun tí ìwé sọ. Ìdáhùn tó ń wá kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: “Rárá.” Mo mọ̀ ọ́n, kò sì ní lẹ́tà tó ṣòro pè nínú.