Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ̀, Kò Jókòó

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí ènìyàn nínú ọgbà òdòdó, èmi ni kẹ́ ẹ bi. Mo ti rìn nínú ọgbà òdòdó nílùú òyìnbó títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Mo ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ ìbínú ni mo jẹ yó.

Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí tíṣà tó bá dá èsúsú dáadáa ṣì lè ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama n'Íjẹ̀bú-Òde nígbà náà. Kì í ṣe fàájì ló gbé mi lọ. Ojú ìyá wa ló rán mi. Ojú òsì wọn ti lọ pátápátá, dókítà sì ní ọ̀tún ń tẹ̀lé e bọ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kí wọ́n máa kán oògùn sí i lọ. Màmá ò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní àwọn fẹ́: kí àwọn rí ojú àkọ́bí àwọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni àkọ́bí yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ó fẹ́ òyìnbó, kò sì tún wálé mọ́ láti ìgbà ìsìnkú bàbá wa. A kọ̀wé sí i títí. "Mò ń bọ̀" ni èsì tó ń kọ sí wa ṣáá. Nígbà tó yá, Màmá ní kí n lọ fi ẹnu sọ ọ́.

Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni Màmá ń sọ, àmọ́ màá tún un sọ kó lè yé gbogbo wa. "Má jíṣẹ́ mi lórí ìdúró o," wọ́n ní. "Má jẹ́ ẹ lójú ọ̀nà, má sì jẹ́ ẹ nígbà tó bá ń ṣe nǹkan míì lọ́wọ́. Jẹ́ kó jókòó. Jẹ́ kó bi ẹ́ pé ilé ńkọ́. Ìgbà yẹn ni kó o kúnlẹ̀, kó o sọ pé èmi ni mo rán ẹ. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Bí a ṣe ń jíṣẹ́ nílé wa nìyẹn. Iṣẹ́ àgbà kì í ṣe òkò tí wọ́n ń jù lu ènìyàn lójú pópó. Ẹni tí wọ́n rán iṣẹ́ sí á jókòó, á béèrè ilé, kí ẹni tí wọ́n rán tó lanu. Mo ní ó ti yé mi. Ohun tí n kò rò ni pé ìyá kan náà ló tọ́ àwa méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi mọ ibi tí iṣẹ́ ń gbà wọlé, ó sì ti ti ilẹ̀kùn náà pa kí n tó dé.

Ó wá pàdé mi níbùdókọ̀ ojú irin. Mo kúnlẹ̀, ó fà mí dìde, ó gba àpótí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nǹkan. Ṣé òjò ń rọ̀ nílé? Ṣé wọ́n ti tún ọ̀nà Ìmùṣin ṣe? Káfíńtà tó wà l'Áyépé ńkọ́, ṣé ó ṣì ń mutí? Ó béèrè ajá aládùúgbò wa, ajá tó ti kú tipẹ́! Kò béèrè Màmá. Mo dúró, mo ń retí. Ọkọ̀ dé, a wọ̀ ọ́, ó ń nawọ́ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ń nawọ́ sí pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yìn ìlú ńlá kan ni àdúgbò rẹ̀ wà. Ilé bíríkì pupa ni gbogbo wọn, méjì méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí ìbejì, wọ́n sì jọra débi pé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá jáde, ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ni mo lọ ń kàn. Ìyàwó rẹ̀ gbà mí tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo tú ẹrù mi, mo kó gàrí Ìjẹ̀bú tí Màmá fi rán mi jáde, èyí tó kan dáadáa, tó ń dún ṣáká ṣáká nínú ọ̀rá. Ẹ̀gbọ́n mi bu omi tútù sí i lójú ẹsẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri kíṣíìnì, ó ń fi ṣíbí kó o sẹ́nu, ó pa ojú dé.

"Ẹ jókòó, Bọ̀ọ̀dá," mo ní.

"Mo ti jókòó tó lónìí."

Mo kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹta tí mo rí i pé orí ìdúró ló ti ń jẹun àárọ̀, tó ti ń mu tíì, tó sì ti ń wo tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn àga tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí, ni mo mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tí kò bá jókòó, a ò lè jíṣẹ́ fún un.

Láràárọ̀, bí ìyàwó rẹ̀ bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tajà, ẹ̀gbọ́n mi á dé fìlà, á gbé kámẹ́rà kọ́rùn. "Ó yá, jẹ́ ká lọ wo ìlú."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò lọ síbi iṣẹ́ ni?"

"Mo gba ìsinmi nítorí tìẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn tù mí lára díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ilé olówó àtijọ́ kan ló kọ́kọ́ mú mi lọ, ilé ràgàjì tí ẹni tó ni ín ti kú láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Àga kún ibẹ̀! Àga onítìmùtìmù, àga onígi dídán, àga tí ènìyàn mẹ́ta lè jókòó sí pọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀ wàyí. Àfi bí mo ṣe rí i pé wọ́n ti fi okùn pupa yí gbogbo wọn ká, tí ìyá òyìnbó kan sì dúró sí kọ̀rọ̀, tó ń ṣọ́ wọn kí ìdí ẹnikẹ́ni má baà kàn wọ́n. Ẹ to àga sílé, ẹ ò jẹ́ kí àlejò jókòó, irú ilé wo nìyẹn? Mo bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá kò síbi tí ènìyàn lè fìdí lé. Ó ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, kí òun ya fọ́tò mi.

Lọ́jọ́ míì, ṣọ́ọ̀ṣì tó ti wó ló mú mi lọ wò. Kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, koríko ló hù síbi tó yẹ kí àwọn akọrin wà. Àwọn òyìnbó ń yí i ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Èmi wò ó títí, ilé tó wó náà ni mo rí. Ẹ̀rẹ̀dò ń bẹ nílé wa, yàrà ńlá tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ewúrẹ́ ló ń jẹko létí rẹ̀, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nítorí rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́, tó máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé á wá béèrè ilé. Ó ní kí n sún mọ́ ògiri díẹ̀, kí orí mi má baà gé kúrò nínú fọ́tò.

A lọ sí odò tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi, a rìn létí rẹ̀ títí òjò fi lé wa. A wo pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, pẹ́pẹ́yẹ! Lálaalẹ́ ni mo ń dá ara mi lẹ́bi, tí mo sì ń bínú sí Màmá tó fi òfin iṣẹ́ jíjẹ́ dè mí. Ká ní wọn ò tọ́ mi dáadáa ni, ọjọ́ kìíní ni ǹ bá ti là á mọ́lẹ̀, tí ǹ bá lọ sùn.

Ó tún mú mi gun òkè kan lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Láti ibẹ̀ a rí gbogbo ìlú nísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀pá èéfín tó ga gogoro.

"Èwo ni ti ibi iṣẹ́ yín níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá?"

Ó nawọ́ sí ọ̀kan. Kò sí èéfín lórí rẹ̀. Mo wo àwọn tó kù, èéfín ò sí lórí wọn náà.

"Wọn ò ṣiṣẹ́ lónìí ni?"

"Òpin ọ̀sẹ̀ la wà," ó ní, ó gbé kámẹ́rà sójú.

Mo ti sọ fún yín pé Ọjọ́rú ni.

Nígbà tó ku ọ̀la kí n padà, ó mú mi lọ sí ọgbà ńlá kan tó wà nítòsí ilé rẹ̀. Ilé gíláàsì kan wà láàárín ọgbà náà. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n gbìn sínú rẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ata wẹ́wẹ́, àti kókò. Wọ́n kọ orúkọ wọn sára pátákó kéékèèké, àwọn òyìnbó ń bẹ̀rẹ̀ láti kà á. Kókò tí Màmá fi ń se ẹ̀bìrìpò, tó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa, ni wọ́n kó sínú gíláàsì! Mo wọ bàálù, mo wọ ọkọ̀ ojú irin, kí n lè wá wo kókò. Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Omijé ló fẹ́ bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ti àánú.

Mo yíjú padà láti bínú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo sì rí i pé ó ti jókòó.

Bẹ́ńṣì kan wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ibẹ̀ tipẹ́, ó bọ́ fìlà, ó tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. Ooru inú ilé náà dà bí ooru ilé wa kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.

"Ibí ni mo máa ń wá," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni. Ó móoru, wọn kì í sì í lé ènìyàn."

Òṣìṣẹ́ wo ló ń ráyè jókòó sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójoojúmọ́? Mo rántí ọ̀pá èéfín.

"Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ó ti lé lọ́dún kan." Ó wo òkè, ó wo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Èyí náà, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò so rí."

Kò tíì béèrè ilé. Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù náà. Òyìnbó kan tó ń kọjá rò pé nǹkan mi ló bọ́, ó bá mi bẹ̀rẹ̀, ó ń wá a. Mo ní kó máa lọ, mo dúpẹ́.

"Màmá ló rán mi."

"Mo mọ̀. Má sọ ọ́."

"Màá sọ ọ́! Ojú wọn ń lọ. Òsì ti lọ, ọ̀tún ń tẹ̀lé e. Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá, kí àwọn rí ojú yín kí ó tó lọ tán."

Ó yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Kí n kó kí ni wá? Àwọn ojúgbà mi tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ régbérégbé ti kọ́lé, wọ́n ń yan lọ́jọ́ ọdún Ojúde Ọba. Kí èmi ará ìlú òyìnbó wá sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo?"

"Màmá ò béèrè ọwọ́ yín. Ojú yín ni wọ́n béèrè."

"Àbí o ò mọ Ìjẹ̀bú ni?"

"Ìjẹ̀bú ni mí!" Mo pariwo débi pé gbogbo àwọn tó ń ka pátákó ló yíjú.

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kì í ṣe ẹ̀rín lọ́tẹ̀ yìí. "Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀," ó ní.

"Nígbà wo?"

"Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀."

Èsì inú lẹ́tà náà nìyẹn. Mo dìde, mo gbọn eékún mi, mo jáde.

Oòrùn tí n kò rí láti ọjọ́ mélòó kan ti yọ, ó ti ń wọ̀ lọ. Ó jáde tẹ̀lé mi, ó ní ẹyọ kan ló kù nínú fíìmù, kí n dúró síwájú ilé gíláàsì. Mo dúró, n kò rẹ́rìn-ín. Níbùdókọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó yọ fíìmù náà fún mi. "Gbogbo ibi tá a lọ ló wà nínú ẹ̀. Fi han Màmá kí ojú wọn tó..." Kò parí ẹ̀.

Nígbà tí mo padà délé, ayafọ́tò kan ní Òkè Ajé n'Íjẹ̀bú-Òde ló bá mi fọ fíìmù náà. Mo gba àpòòwé fọ́tò náà, n kò tú u, mo gbé e lọ bá Màmá tààrà. Wọ́n bọ́jú bí ẹni tí àlejò ń bọ̀ wá kí, wọ́n gbé àpótí ìjókòó sẹ́bàá fèrèsé.

"Ṣé o jíṣẹ́ mi?"

"Mo jẹ́ ẹ, Màmá."

"Kí ló wí?"

"Wọ́n ní àwọn ń bọ̀."

Màmá gbọ́, wọ́n mi orí. Wọ́n na ọwọ́ gba fọ́tò, wọ́n gbé àkọ́kọ́ súnmọ́ ojú ọ̀tún. "Ta nìyí?"

"Èmi ni, níwájú ilé olówó kan."

"Èyí ńkọ́?"

"Èmi náà ni, Màmá."

Mo gba fọ́tò náà, mo tú gbogbo wọn wò kíákíá. Èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èmi létí odò. Èmi lórí òkè, fìlà òtútù bò mí dé ìpéǹpéjú. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi kámẹ́rà bo ojú rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo dé títí di ọjọ́ tí mo lọ. Ká ní ó wà níwájú mi lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ ohun tí ǹ bá fi ẹnu mi sọ.

"Ọmọ mi dà?" Màmá béèrè.

Ó ku ọ̀kan. Èmi ni mo dúró níwájú ilé gíláàsì, mo fajú ro. Àmọ́ lórí koríko, láti ìsàlẹ̀ fọ́tò títí dé ẹsẹ̀ mi, òjìji ẹnìkan nà gbalaja. Ó dé fìlà, ó gbé ìgúnpá méjèèjì sókè. Mo mú ìka Màmá, mo gbé e lé e.

"Àwọn nìyí."

Màmá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú débi pé ó kan ìpéǹpéjú wọn, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ó mà ti rù o," wọ́n ní. "Ó rù, ó sì dúdú. Kí ni wọ́n ń fún ọmọ mi jẹ níbẹ̀?"

"Gàrí tẹ́ ẹ fi rán mi," mo ní. "Wọ́n jẹ ẹ́ tán, Màmá."

"Ṣé ó jókòó jẹ ẹ́?"