Ìtẹ́ Mẹ́sàn-án tí Leota Fi Pamọ́

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀yà Yakama, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti ìjọba jọ fi Twila ṣe olórí iṣẹ́ dídá ẹja sámọ́nì padà sínú odò, Leota ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàtẹ́wọ́ ju gbogbo èèyàn lọ, ṣùgbọ́n inú ń ta á bí ata. Ta ló bá bàbá wọn dúró lórí pèpéle pákó lókè omi tó ń ru, tó ń di àwọ̀n ọlọ́wọ́ gígùn mú láti kékeré? Òun ni. Ìlú ńlá ni Twila wà fún ọdún mẹ́jọ, tó ń kàwé. Bó ṣe dé ni wọ́n gbé àga fún un. Leota ni wọ́n ní kó máa rin etí odò, kó máa ka ìtẹ́ tí ẹja ń gbẹ́ sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ láti yé sí.

Twila ò fojú di í o. Láràárọ̀ ni yóò bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní jẹun kẹ́ ẹ tó lọ?"

"Mo ti yó, ọ̀gá." Bí ẹni ń sọ òkò ló ń pe "ọ̀gá" yẹn.

Ní oṣù kọkànlá, Leota ya sí odò kékeré kan lẹ́yìn ọgbà ápù. Ó rí abo ẹja pupa kan tó ń fi ìrù gbẹ́lẹ̀, tí akọ ń ṣọ́ ọ. Ó ka ìtẹ́ mẹ́sàn-án! Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, sámọ́nì kan ò wọ ibẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀, ó sunkún ayọ̀. Àfi bó ṣe rántí ẹni tí wọn yóò yìn. Ló bá kọ "kò sí" sínú ìwé iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ṣèpàdé. Garrett, aṣojú ìjọba, ní, "Kò kúkú sẹ́ja nínú odò ẹ̀yìn ọgbà yẹn. A ó sé omi rẹ̀ lọ́la, ká lè tún ọ̀nà omi oko ṣe."

Ara Leota ò gbà á mọ́. Ẹyin ò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá.

"Ẹ má sé e! Ìtẹ́ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo purọ́."

Ìyá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ wò ó. "Leota, kí lẹja ṣe fún ọ?"

"Ẹja ò ṣe mí ní nǹkan kan, Ìyá."

Twila sáré bá a níta. "Ẹ̀gbọ́n mi, torí mi ni?"

"Torí ẹ ni! Gbogbo ohun témi mọ̀, ìwọ ni wọ́n ń bi."

"Èmi náà ń jowú yín. Nígbà tí Bàbá ń kú lọ, orúkọ yín ló ń pè. Èmi wà níbi tí mo ti ń ṣèdánwò."



Wọn ò sé omi náà. Wọ́n gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ Leota fún ọdún kan. Nígbà tó di ìgbà ìrúwé, Twila wá sílé rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi àwọn ibi mìíràn tẹ́ja lè fẹ́ràn han òun. Márùn-ún ni Leota mọ̀. Ó fi mẹ́ta hàn án.

Ó ní méjì tó kù di ẹ̀ẹ̀rùn.